Ta ni ó ni ìgò òfìfo: ẹni tí ó mu ún ni, tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ẹ̀ka ìrajà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe ẹlẹ́rìndòdò àti omi inú ike. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo lo ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó máa ń sọ bí ìgbé-ayé ẹni ṣe wúwo tó lórí ilẹ̀ ayé, èyí tí wọ́n ń pè ní ipasẹ̀ ẹni. Ó sọ fún mi pé bí gbogbo ènìyàn bá ń gbé bí mo ṣe ń gbé, ayé kan kò ní tó wa, àfi kí a ní méjì àti ààbọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà. N kì í mu ohunkóhun tí ó bá wà nínú ike mọ́, bẹ́ẹ̀ ike ni mo ń rà fún ilé-iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ wa sọ pé a ti dín gáàsì tí à ń tú sójú ọ̀run kù ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn ilé-iṣẹ́ epo ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ ipasẹ̀ yìí sílẹ̀ kí wọ́n lè di ẹ̀bi ru mẹ̀kúnnù. Ṣé asán ni mo ń ṣe? Ta ni kí n gbà gbọ́?”

Ẹ ṣé tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ìwé ìṣirò méjì ni ó wà níwájú yín, ti ara yín àti ti ilé-iṣẹ́ yín. Ọ̀kan ń dá yín lẹ́bi, èkejì ń yin ara rẹ̀, ẹ kò sì mọ bí àwọn méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ọdún pípẹ́ ni yíyẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò fún àwọn ilé-iṣẹ́ ohun mímu, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, nítorí ìgò kan náà ni wọ́n ń kà láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dáhùn ìbéèrè tí ó jù nínú wọn, èyíinì ni pé ta ni ó ń pinnu irú ìgò tí yóò wà àti ibi tí ìgò náà yóò parí sí. Ìpinnu yẹn ti wáyé kí ohun mímu tó dé ọwọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Nínú ọ̀ràn tiyín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orí tábìlì yín ni ó gbà kọjá.

Ọ̀rẹ́ yín kò ṣìnà pátápátá, ṣùgbọ́n ó da nǹkan méjì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ epo kọ́ ni ó dá ìṣirò tí ẹ lò sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Rees àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Mathis Wackernagel, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Yunifásítì British Columbia ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ohun tí wọ́n ń wá kò ní ẹ̀tàn nínú: bí a bá kó gbogbo oúnjẹ, igi, aṣọ, ọ̀nà àti iná tí àwùjọ kan ń lò jọ, báwo ni ilẹ̀ àti omi tí yóò pèsè wọn, tí yóò sì fa èéfín wọn mu, yóò ṣe tóbi tó? Hẹ́kítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìṣirò àwọn tí ń bá iṣẹ́ náà lọ fi hàn pé ohun tí ọmọ aráyé ń lò lọ́dún kan tó nǹkan bí ayé kan àti ìdá méje nínú mẹ́wàá; èrè là ń jẹ, a sì ń jẹ ojú owó mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí ọdún 2004, nígbà tí ilé-iṣẹ́ epo BP mú apá tí ó jẹ mọ́ gáàsì kábọ́nì nìkan, tí ó polówó rẹ̀ káàkiri, tí ó sì gbé ẹ̀rọ ìṣirò sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí olúkúlùkù lè wá wo ti ara rẹ̀. Òṣùwọ̀n náà kì í ṣe irọ́. Ibi tí wọ́n nà án sí ni ó yẹ kí a bi wọ́n.

Àwa tí a wà nídìí ohun mímu kò sì lè máa nàka sí àwọn elépo nìkan, nítorí ìdí iṣẹ́ tiwa ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1953, ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ṣòfin tí kò fàyè gba títa bíà nínú ìgò tí a kì í dá padà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe agolo àti ìgò, pẹ̀lú àwọn mìíràn, dá ẹgbẹ́ Keep America Beautiful sílẹ̀, láti máa kọ́ ará ìlú pé kí wọ́n yé da ìdọ̀tí sí ojú títì. Ẹ̀kọ́ náà dára, n kò sì bá ẹnikẹ́ni tí ó fi í kọ́ ọmọ rẹ̀ jà. Àmọ́ láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìgò òfìfo ti di ọ̀rọ̀ ìwà ẹni tí ó mu ún, tí a kò sì bi ẹni tí ó ṣe é ní ìbéèrè mọ́. Òfin Vermont kò pẹ́ rárá. Ọdún 1971 ni ìpínlẹ̀ Oregon tó ṣòfin tí ó fi dandan lé owó ìgò, èyíinì ni owó tí oníbàárà ń san lórí ìgò, tí ó sì ń gbà padà bí ó bá dá ìgò náà padà, àwọn ilé-iṣẹ́ ohun mímu àti ti ìgò sì bá òfin náà jà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ìṣirò tiyín wò. Bíi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ipasẹ̀ ọmọ aráyé ni ó jẹ́ ti gáàsì kábọ́nì tí ń jáde láti ara epo, èédú àti gáàsì ìdáná. Ìyókù ni ilẹ̀ oko, pápá ẹran, igbó, omi ẹja àti ilẹ̀ tí a kọ́lé lé. Ike tí ó dí gọ́tà kò sí nínú ìṣirò náà, omi tí a fà láti abẹ́ ilẹ̀ kò sì hàn níbẹ̀ ní tààrà. Nítorí náà, bí ẹ bá padà sídìí ẹ̀rọ ìṣirò yẹn lónìí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ ti fi du ara yín, ayé méjì àti ààbọ̀ náà kò ní yẹ̀ kúrò lójú kan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é ní ìṣirò ọwọ́. Ìgò oníke tí ó gba ìdajì lítà ẹlẹ́rìndòdò máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 25. Ẹni tí ó bá ń mu ọ̀kan lóòjọ́ yóò lo nǹkan bíi kílò mẹ́sàn-án ike lọ́dún, ṣíṣe ike tuntun tó bẹ́ẹ̀ yóò sì tú nǹkan bíi kílò 18 sí 27 gáàsì kábọ́nì sójú ọ̀run. Bí a bá pín gáàsì kábọ́nì tí ayé ń tú láti ara epo àti èédú dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan súnmọ́ kílò 4,700 lọ́dún. Kódà bí a bá ka ṣúgà, ọkọ̀ akẹ́rù àti fíríìjì mọ́ ìgò náà, tí iye rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́ta, kò tíì tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrìnàjò òfuurufú ọlọ́nà jíjìn kan, ní àlọ àti àbọ̀, lè ju ìgò ọdún mẹ́wàá lọ.

Àṣìyé kan tún wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n ènìyàn, ó sì yẹ kí n mú un kúrò níbí. Gáàsì tí ń hó nínú ẹlẹ́rìndòdò kọ́ ni ìṣòro náà. Gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni ó wà nínú ìdajì lítà, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, irú bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀, tí ìbá kúkú ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ nítorí gáàsì inú rẹ̀ ń lépa òjìji.

Ṣé asán ni ohun tí ẹ ń ṣe, nígbà náà? Rárá, ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi jẹ́ asán kọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ ìṣirò fún yín. Ike tí kò bá jáde láti ilé-iṣẹ́ kò lè dé inú odò. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Science Advances ní 2024, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni fi ṣa ìdọ̀tí ike ní orílẹ̀-èdè 84, fi hàn pé ilé-iṣẹ́ 56 ni ó ni èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ike tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣì hàn lára wọn, Coca-Cola nìkan sì ni ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ike tí wọ́n ṣà kò ní orúkọ kankan lára mọ́, nítorí náà a kò lè sọ pé ìyẹn ni gbogbo ìtàn. Síbẹ̀, ó tó láti fi yé wa pé àwọn tí ń pinnu irú ike tí ayé yóò máa dà nù kò pọ̀ rárá. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni kí ìgò tí ẹ kọ̀ má baà fọkàn yín balẹ̀ jù, kí ẹ sì wá gbàgbé ọkọ̀ tí ẹ ń wà, iná tí ẹ ń tàn àti ẹran tí ẹ ń jẹ, tí wọ́n wúwo jù ú lọ nínú ìṣirò tiyín.

Ó ku ìdá ogún tí ilé-iṣẹ́ yín sọ pé òun ti dín kù. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń tẹ̀lé GHG Protocol, ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ka gáàsì tí wọ́n ń tú, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2001, máa ń pín gáàsì rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ni èyí tí ń jáde láti inú bọ́ílà, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ tirẹ̀. Ìkejì ni ti iná mànàmáná tí ó ń rà. Ìkẹta ni gbogbo ìyókù: oko ìrèké, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ike àti agolo, ọkọ̀ àwọn agbàṣe, fíríìjì tí ó wà ní ilé ìtajà, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìgò nígbà tí a mu ún tán. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ohun mímu, ìpele kẹta yìí ni ó sábà máa ń kó bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àìmọye ìròyìn ọdọọdún ni mo ti kà tí àwòrán tí ó gba iwájú nínú wọn fi ìdínkù tí ó wú ni lórí hàn, tí àlàyé kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì sọ pé ìpele kìíní àti ìkejì nìkan ni wọ́n ń sọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n dín ìdá ogún kù lóòótọ́, nínú ìdá kan péré tí ó wà nínú mẹ́wàá.

Ohun kejì tí ẹ ó wò ni bóyá lítà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ṣe ìdínkù náà tàbí àpapọ̀. Bí gáàsì tí ó bá lítà kan rìn bá dín ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, tí títà sì pọ̀ sí i ní ìdá ọgbọ̀n, àpapọ̀ gáàsì ilé-iṣẹ́ náà ti lé ní ìdá mẹ́rin nìyẹn. Ojú ọ̀run kò mọ lítà, àpapọ̀ ni ó mọ̀. N kò sọ pé ìdínkù lórí lítà kò wúlò: òun ni àwọn ẹlẹ́rọ lè mójú tó lójoojúmọ́, mo sì ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lo gbogbo ọgbọ́n orí wọn kí ooru bọ́ílà má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó bá tẹ iye ti lítà sójú ìwé, tí ó sì fi iye àpapọ̀ pa mọ́ sí ẹ̀yìn, ti sọ ohun tí kò fẹ́ kí a rí. Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò. Bí wọ́n bá mú ọdún tí nǹkan burú jù, gbogbo ọdún tí ó tẹ̀lé e ni yóò dà bí ìlọsíwájú.

Ti omi yàtọ̀ sí ti gáàsì, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣọ́ omi lò lè lo lítà tí kò tó méjì láti fi ṣe lítà ẹlẹ́rìndòdò kan, ó sì máa ń fi èyí yangàn. Àmọ́ ní 2011, àwọn olùwádìí tí Arjen Hoekstra wà lára wọn, ẹni tí ó dá ìṣirò ipasẹ̀ omi sílẹ̀ ní 2002, wo ìdajì lítà ẹlẹ́rìndòdò kan láti oko dé ilé-iṣẹ́, wọ́n sì rí i pé omi tí ó bá a rìn lè tó lítà 170 sí 310, ní ìbámu pẹ̀lú irú ṣúgà tí a lò àti ibi tí a ti gbìn ín. Oko ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé gáàsì tí a tú níhìn-ín àti èyí tí a tú lókèèrè ọgbọọgba ni wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n omi ní ibi tí ó ti wá. Ní Plachimada, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, ilé-iṣẹ́ Coca-Cola bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000. Nígbà tí yóò fi di 2004 ó ti tìlẹ̀kùn, lẹ́yìn tí àwọn ará abúlé ti fi ẹ̀sùn kàn án pé kànga àwọn ń gbẹ, pé omi tí ó kù kò ṣeé mu, tí ìgbìmọ̀ abúlé náà kò sì fún un ní ìwé àṣẹ tuntun. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun ni ó fà á. Bí ìwé ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé ó ti dá gbogbo omi tí ó lò padà fún ayé, ẹ béèrè ibi tí ó ti mú un àti ibi tí ó dá a padà sí, nítorí igi tí a gbìn sí etí odò kan kò lè bu omi sínú kànga àwọn ará odò mìíràn.

Orí ìgò ni mo fẹ́ dúró pẹ́ lé jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ̀yin mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ pé ìgò oníke kì í dé ilé-iṣẹ́ ní ìgò. Ó máa ń dé bí ọ̀pá kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ẹnu rẹ̀ ti ní ojú tí ìdérí yóò gbá mọ́, tí ara rẹ̀ sì nípọn. Ẹ̀rọ á mú un gbóná, á fà á gùn, á sì fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú títí yóò fi gba ìrísí ìgò. Gíráàmù kan péré tí a bá yọ kúrò lára ọ̀pá náà, nínú ìgò mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ike. Kò sí ohun tí ẹ lè kọ̀ láti mu jálẹ̀ ayé yín tí yóò súnmọ́ iye yẹn. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn irú ìdínkù yìí nítorí ó ń dín owó kù pẹ̀lú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó yí ibi tí ìgò náà ń parí sí padà.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ilé-iṣẹ́ kúkú padà sí ìgò onídígí. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Dígí wúwo, iná ìléru tí ó ń yọ́ ọ sì máa ń gbóná tó nǹkan bíi ìwọ̀n 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgò onídígí tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a sọ nù sábà máa ń burú ju ike lọ ní ti gáàsì kábọ́nì. Agolo alumíníọ́ọ̀mù wà láàárín: títún un yọ́ ń fi nǹkan bíi ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí à bá fi ṣe tuntun pamọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn wúlò kìkì bí agolo náà bá padà. Ohun tí ó sọ dígí di ọmọlúàbí ni pé kí ó padà, kí a fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí a po sódà mọ́, kí ẹ̀rọ wò ó bóyá ó ti sán, kí a sì tún rọ ohun mímu sí i. Ẹ wo èjìká ìgò tí ó ń padà dáadáa, ẹ ó rí òrùka funfun tí ó ti họ níbi tí ìgò àti ìgò ti ń gbún ara wọn lórí ẹ̀rọ. Bí òrùka náà bá ti fẹ̀, ìgò náà ti rìn jìnnà. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè lọ kí ó bọ̀ ní ìgbà 25 sí 50. Àmọ́ bí ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi gbé òfìfo padà bá ti jìn jù, epo ọkọ̀ yóò jẹ èrè náà, nítorí náà ó tọ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń tà nítòsí ju èyí tí ó ń fi ọjà ránṣẹ́ sókè òkun lọ.

Ilé-iṣẹ́ ohun mímu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Ní 1969, Coca-Cola fúnra rẹ̀ ní kí Midwest Research Institute ní Amẹ́ríkà fi oríṣiríṣi ìgò àti agolo wéra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ayé wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka iṣẹ́ yẹn sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní kíkún. Ní 2022 ó ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di 2030, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun mímu rẹ̀ yóò máa jáde nínú ìgò tí ó ń padà, nígbà tí ó jẹ́ pé bíi ìdá 14 ni ó wà. Ní oṣù Kejìlá 2024 ó kọ àwọn èròńgbà tuntun, ìlérí ìgò tí ó ń padà kò sì sí nínú wọn mọ́. Mo ka ìyẹn pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí ìlérí tí a kò fi òfin dì kò sí ohun tí ó mú un dúró nígbà tí owó bá ṣòro. Ẹ fi wé ibi tí òfin ti wà. Ní Jámánì, láti 2003 ni ẹni tí ó bá ra ohun mímu nínú ike tàbí agolo ti ń san owó ìgò, tí ó jẹ́ sẹ́ńtì 25 owó yúrò, tí yóò gbà padà bí ó bá dá a padà, nǹkan bíi ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì ń padà. Lithuania bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti kọjá ìdá 90. Ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò yí padà lóru ọjọ́ kan. Ìgò òfìfo ni ó di owó.

Ní ti ohun tí wọ́n ń kọ sára ìgò, ẹ máa ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ka ìwé àdéhùn. “Ike àtúnyọ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún” lè jẹ́ ti ara ìgò nìkan, kí ìdérí àti bébà ara rẹ̀ má sí nínú rẹ̀. Ní 2023, àjọ àwọn oníbàárà ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní BEUC kọ ẹ̀sùn nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn aláṣẹ, Coca-Cola sì gbà ní 2025 láti yí bí ó ṣe ń kọ ọ́ padà. Ti “kò tú kábọ́nì rárá” tún nira sí i, nítorí ó sábà máa ń dúró lórí igi tí wọ́n sanwó fún ní ibòmíràn. Òfin Yúróòpù tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2026 kò fàyè gba kíkọ ọ́ sára ọjà bí ìsanwó bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó gbé e ró.

Kí ni ẹ lè ṣe láti orí àga tí ẹ jókòó lé? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣẹ yín dé. Nígbà tí ẹ bá ń pe àwọn tí ń ta ike wá, ẹ fi ìwúwo ìgò àti iye ike àtúnyọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ohun tí ẹ ó fi mú ẹni tí ẹ ó rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má jẹ́ owó nìkan. Bí ẹ̀yin ni ẹ ń ra fíríìjì tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn onílé ìtajà, ẹ béèrè gáàsì tí ó ń mú un tutù: kílò kan èyí tí wọ́n ń pè ní HFC-134a, bí ó bá jò jáde, wúwo lórí ojú-ọjọ́ ju kílò 1,300 gáàsì kábọ́nì lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò ní in wà lọ́jà. Ní ti ìgò fúnra rẹ̀, ẹ béèrè èyí tí kò ní àwọ̀, nítorí ike aláwọ̀ ṣòro láti tún yọ́ di ìgò ju èyí tí ó mọ́ gaara lọ. Mo mọ̀ pé ìgò tí ó ń padà ju agbára ẹ̀ka yín lọ. Ó gba ẹ̀rọ ìfọgò, kéréètì, ọkọ̀ àti owó tí àwọn olùdarí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, ó sì lè jẹ́ pé ìṣirò yín yóò fi hàn pé kò tọ́ sí gbogbo agbègbè tí ẹ ń tà sí. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ìṣirò náà wà lórí tábìlì wọn, kí ó sì ní ohun tí yóò ná wọn bí òfin owó ìgò bá dé kí wọ́n tó múra.

N kò lè ṣèlérí pé wọn yóò gbọ́. Mo ti rí àbá tí ó péye tí wọ́n kọ̀ nítorí pé èrè rẹ̀ yóò pẹ́ ju ọdún tí ọ̀gá kan yóò lò lórí àga lọ, mo sì ti rí èyí tí ó kọjá wẹ́rẹ́ nítorí pé ẹnì kan ní ẹ̀ka ìrajà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ohun tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni nínú ìròyìn ọdọọdún, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ní ilé, ibi tí omi ẹ̀rọ bá ti mọ́, omi ẹ̀rọ nínú ìgò tí ẹ ń fọ̀ lò ni ó fúyẹ́ jù nínú gbogbo ohun mímu. Ibi tí kò bá ti mọ́, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bú yín nítorí omi inú ike. Kí ẹ kàn ra ìgò ńlá dípò kéékèèké, nítorí ike tí ó ń bá lítà kọ̀ọ̀kan rìn nínú rẹ̀ kéré sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn ẹlẹ́rìndòdò, ẹ mu èyí tí ó wà nínú ìgò tí wọ́n ń gbà padà, kí ẹ sì dá ìgò náà padà ní kíá, nítorí èyí tí ó bá jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ń fi dandan mú ilé-iṣẹ́ ṣe tuntun dípò rẹ̀. Lójú ọ̀nà, tí òùngbẹ bá gbẹ yín tí kò sí omi mìíràn, ẹ ra ti inú ike, ẹ mu ún, ẹ sì mú òfìfo rẹ̀ dání títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń gbà á.